Ẹ̀ẹ̀melòó ló yẹ kéèyàn gbé irin lọ́sẹ̀? Ọ̀rọ̀ tó dìjà sílẹ̀ láàárín Arnold àti Mentzer rèé o

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán láwọn ibi tí wọ́n ti ń gbé irin, ìbáà jẹ́ jíìmù olówó ńlá tó wà ní Lẹ́kí, ìbáà jẹ́ ẹ̀yìnkùlé kan ní Mushin tí wọ́n ti po sìmẹ́ǹtì sínú agolo ọ̀dà méjì, tí wọ́n ki irin gbọọrọ bọ̀ ọ́ láàárín, tó di ohun tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ń gbé nírọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ni pé, ẹ̀ẹ̀melòó ló yẹ kéèyàn gbé irin lọ́sẹ̀ kí apá àti àyà ẹ̀ tó yọ, báwo ló sì ṣe yẹ kó le tó? Ẹnì kan á ní ojoojúmọ́ ni, pé ẹni tó bá sinmi, ara ẹ̀ á wálẹ̀. Ẹlòmíì á ní irọ́ ni, pé ẹ̀ẹ̀mẹta péré ti tó. Ẹni kẹta á ní iye ìgbà kọ́ ló ṣe pàtàkì, pé tí irin ò bá ti wúwo débi téèyàn á fi máa pariwo, eré ọmọdé lonítọ̀hún ń ṣe. Wọ́n á jà á títí, wọ́n á fi í sílẹ̀, tó bá dọ̀la, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ̀ ni pé ìjà yìí kì í ṣe tòní, kì í sì í ṣe ilẹ̀ yìí ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀gá pátápátá nídìí iṣẹ́ ọ̀hún lágbàáyé ti jà á, wọ́n jà á lórí pápá, wọ́n jà á nínú ìwé ìròyìn, ó sì ku díẹ̀ kó di ẹ̀ṣẹ́ láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán. Àwọn kan gbé irin débi tí wọ́n fi dẹni tí ń fọ̀pá rìn, àwọn míì ti ba kíndìnrín wọn jẹ́, àìmọye èèyàn ló sì ń fi àkókò àti owó ṣòfò, tí wọ́n á gbé irin fún ọdún kan gbáko, tí apá wọn á ṣì rí bó ṣe wà.

Arnold Schwarzenegger lẹni àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Àwọn tó jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà tí wọ́n ń yá fídíò kásẹ́ẹ̀tì wò ò lè gbàgbé ẹ̀. Òun ló ṣe fíìmù Commando lọ́dún 1985, tó gbé ìtì igi lé èjìká bí ẹni gbé ìrọ̀rí. Ṣùgbọ́n kó tó di òṣèré, kó sì tó di gómìnà ìpínlẹ̀ California láàárín ọdún 2003 sí 2011, irin ló ń gbé jẹun. Abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Thal, lórílẹ̀-èdè Austria, ni wọ́n ti bí i lọ́jọ́ 30, oṣù keje, ọdún 1947. Ọdún 1968 ló dé Amẹ́ríkà. Nígbà tó fi máa di ọdún 1975, ó ti gba adé Mr. Olympia lẹ́ẹ̀mẹfà léraléra, ìyẹn ìdíje tó ga jù lágbàáyé fáwọn tó ń fi iṣan ara yangàn.

Báwo ni Arnold ṣe ń ṣe é? Ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ ni. Kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ o, á lọ láàárọ̀, á tún padà lọ nírọ̀lẹ́. Ẹni tí kò bá mọ èdè àwọn agbérin, kó yáa mọ̀ ọ́n báyìí: béèyàn bá gbé irin sókè sódò nígbà mẹ́wàá kó tó gbé e kalẹ̀ láti mí, sẹ́ẹ̀tì kan lonítọ̀hún ṣe yẹn. Tó bá jẹ́ ti Arnold, àyà nìkan lè gba ogún sẹ́ẹ̀tì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kò tíì dórí ẹ̀yìn àti itan. Gbogbo ayé rí i nínú fíìmù Pumping Iron tó jáde lọ́dún 1977, gbogbo ayé sì gbà pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Àfi bí ọkùnrin kan ṣe yọjú láti ìpínlẹ̀ Florida, tó ní gbogbo wọn ló ń tan ara wọn jẹ. Arthur Jones lorúkọ ẹ̀, ẹni tí kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, ẹnu ẹ̀ sì mú bí abẹ. Ẹranko igbó ló ń kó wọ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, ó gbé ilẹ̀ Áfíríkà rí, kó tó di pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀rọ ìgbérin kan lọ́dún 1970, tó pe orúkọ ẹ̀ ní Nautilus. Ohun tí Jones ń sọ ni pé iṣan kì í dàgbà nígbà téèyàn bá ń gbé irin, ìgbà téèyàn bá ń sinmi ló ń dàgbà. Ó ní kéèyàn ṣe sẹ́ẹ̀tì kan péré fún ibì kan lára, ṣùgbọ́n kó ṣe é débi tí apá ò fi ní lè gbé e mọ́ rárá, kó wá lọ sílé lọ sinmi. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kò sì gbọdọ̀ pé wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan. Ó parí!

Lóṣù karùn-ún ọdún 1973, Jones fẹ́ fi hàn pé òun ò parọ́. Ó mú ọmọkùnrin kan, Casey Viator, ẹni tó gba adé Mr. America lọ́dún 1971 nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 19 péré, ó gbé e lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Colorado. Láàárín ọjọ́ 28, ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá péré ni Viator gbé irin, ó sì fi bíi kílò 20 sanra sí i. Ariwo ta! Ẹ̀rọ Jones sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà bí ẹní ń ta àkàrà gbígbóná. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà ńbẹ̀ tí kò hàn sáwọn èèyàn dáadáa. Viator ti ṣèṣe níbi iṣẹ́ ṣáájú ìgbà náà, ó ti ṣàìsàn, ó ti rù, tó fi jẹ́ pé ẹran ara tó sọnù ló ń padà wá. Ara tó bá sì ti ní nǹkan rí, tó pàdánù ẹ̀, kì í pẹ́ kó tó rí i gbà padà. Ẹni tí kò ní i rí tó ń retí kílò 20 lóṣù kan, àlá ló ń lá.

Viator yìí àti Jones ló mú ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ Mike Mentzer. Ìpínlẹ̀ Pennsylvania ni wọ́n ti bí Mentzer lọ́dún 1951, ọ̀kan lára àwọn tó ń ka ìwé jù láàárín àwọn agbérin ni. Ó gba ọ̀rọ̀ Jones gbọ́, ó tún un ṣe, ó sọ ọ́ ní Heavy Duty. Sẹ́ẹ̀tì kan sí méjì, kó le bí ojú ẹja, kéèyàn sì lọ sinmi. Nígbà tó di ọdún 1978, ní ìlú Acapulco lórílẹ̀-èdè Mexico, Mentzer gba adé Mr. Universe, máàkì tó pé pérépéré, tí ẹyọ kan ò dín, ni wọ́n fún un. Àwọn tó ti ń tẹ̀ lé Arnold bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú. Ṣé òótọ́ ni pé àwọn ti ń fi ìdajì ayé àwọn ṣòfò nínú jíìmù ni?

Ibi tó ti dìjà gan-an ni ìlú Sydney, lórílẹ̀-èdè Australia, lọ́jọ́ 4, oṣù kẹwàá, ọdún 1980. Ìdíje Mr. Olympia ni wọ́n fẹ́ ṣe níbẹ̀, Mentzer sì wà lára àwọn tí wọ́n rò pé ó lè gbé adé náà. Arnold ti fẹ̀yìn tì láti ọdún 1975, àwọn èèyàn rò pé ó kàn wá sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣàn ni. Ó ku dẹ̀dẹ̀ kí ìdíje bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n tó gbọ́ pé òun náà fẹ́ du adé. Ọ̀rọ̀ di gbọnmi-si-i-omi-ò-to-o. Ìròyìn táwọn tó wà níbẹ̀ mú wálé ni pé Arnold sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí Mentzer nípa ikùn ẹ̀, ni Mentzer bá fò dìde lórí àga, àwọn èèyàn ló ní kí wọ́n má jà. Nígbà tí wọ́n máa ka èsì, Arnold ló tún gba adé, ìyẹn lẹ́ẹ̀keje. Mentzer ṣe ipò karùn-ún. Àwọn èrò ìwòran kan ń hó yèè pé ojúsàájú ni. Láti ọjọ́ náà, Mentzer ò bá wọn díje mọ́ títí tó fi kú lóṣù kẹfà ọdún 2001, lẹ́ni ọdún 49. Ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn ikú ẹ̀ ni àbúrò ẹ̀, Ray, tóun náà jẹ́ agbérin, kú tẹ̀ lé e.

Ta ló wá jàre? Bó bá jẹ́ adé ni wọ́n fẹ́ fi ṣèdájọ́, ọ̀rọ̀ ò lè yanjú. Ìdí ni pé lẹ́yìn ìgbà náà, ọkùnrin kan láti ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Dorian Yates, tó ń tẹ̀ lé ìlànà Jones àti Mentzer, gba Mr. Olympia lẹ́ẹ̀mẹfà láti ọdún 1992 sí 1997. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló ń gbé irin lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbé e lágbèéyọnu ni, iṣan ẹ̀ sì já ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kó tó fẹ̀yìn tì. Ronnie Coleman, ọlọ́pàá ní ìpínlẹ̀ Texas, ló gbapò lọ́wọ́ ẹ̀, òun gbà á lẹ́ẹ̀mẹjọ láti ọdún 1998 sí 2005. Ti Coleman yàtọ̀ pátápátá, ọjọ́ púpọ̀, irin tó wúwo jù, tó fi jẹ́ pé ó gbé ohun tó tó kílò 360 lé èjìká, tó fi lóṣòó, tó sì tún dìde. Ó gba adé lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un lẹ́yìn àti ní ìbàdí lé ní mẹ́wàá, ọ̀pá ló sì wá ń fi rìn. Ìgbéraga tiwa náà ò sì gbẹ́yìn, nítorí Samson Dauda, ẹni tí wọ́n bí ní Nàìjíríà kó tó lọ ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gba adé náà lọ́dún 2024.

Gbogbo wọn gba adé, ọ̀nà wọn ò sì papọ̀. Kí ló fà á? Ohun méjì ni. Àkọ́kọ́, bí Ọlọ́run ṣe dá àwọn kan ni wọ́n ṣe máa ń rí bẹ́ẹ̀, irin tó ń sọ wọ́n di òmìrán ò lè sọ ẹlòmíì di nǹkan kan. Èkejì lohun tí wọn kì í fẹ́ sọ síta, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń pè ní sítẹ́rọ́ọ̀dù. Arnold fúnra ẹ̀ ti jẹ́wọ́ pé òun lò ó nígbà tóun ń díje.

Ohun tí oògùn yìí ń ṣe, ẹ̀rù ló ń bani. Lọ́dún 1996, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà gbé èsì iṣẹ́ ìwádìí jáde. Ọkùnrin 43 ni wọ́n kó jọ, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Àwọn tó gbé irin láìgba oògùn fi nǹkan bíi kílò 2 ẹran ara kún tiwọn. Àwọn tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ testosterone lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọn ò gbé ìka irin kankan, fi kílò 3 àti díẹ̀ kún tiwọn. Àwọn tó gba abẹ́rẹ́, tí wọ́n tún gbé irin, fi kílò 6 kún un. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tó jókòó sílé tó gba abẹ́rẹ́ sanra ju ẹni tó ń làágùn nínú jíìmù lọ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń fi ìlànà àwọn olóògùn gbé irin, tí kò sì lo oògùn, ṣe ló dà bí ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere lé mọ́tò. Kì í sì í ṣe pé kó wá lọ lo oògùn náà o. Ó ń mú kórópọ̀n súnkì, ó ń sọ ọkùnrin di ẹni tí kò lè fún obìnrin lóyún, ó ń mú ọmú yọ láyà ọkùnrin, ó sì ń ba ọkàn àti ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹni tí wọ́n bá ta oògùn tí kò lórúkọ fún nínú jíìmù, kó sá fún un bí ẹni rí ejò.

Ìjà àwọn agbérin wá di ohun táwọn onímọ̀ gbé lọ sínú iyàrá àyẹ̀wò. Kí ó tó di ìgbà náà, dókítà ológun kan ní Amẹ́ríkà, Thomas DeLorme, ti rí díẹ̀ nínú òótọ́ ọ̀rọ̀. Àwọn sójà tó fara pa nínú Ogun Àgbáyé Kejì ló ń fi irin gbígbé tọ́jú. Nígbà tó kọ̀wé lórí ẹ̀ lọ́dún 1945, sẹ́ẹ̀tì méje sí mẹ́wàá ló ní kí wọ́n máa ṣe. Nígbà tó máa fi di ọdún 1948, òun fúnra ẹ̀ ti rí i pé ó ti pọ̀ jù, ó sì dín in kù sí sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, mẹ́wàá mẹ́wàá. Títí di bá a ṣe ń sọ yìí, sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta yẹn ni wọ́n ṣì ń ṣe ní ọ̀pọ̀ jíìmù, àwọn tó ń ṣe é ò sì mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ ló ti wá.

Ohun àkọ́kọ́ táwọn onímọ̀ fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ni pé Jones ò parọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìsinmi. Béèyàn bá gbé irin tán, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ iṣan tuntun bíi bíríkìlà tí ń mọlé, iṣẹ́ náà sì lè tó wákàtí 24 sí 48 kó tó rọlẹ̀. Ẹni tó bá gbé irin fún àyà lónìí, tó tún padà sórí àyà kan náà lọ́la, tó tún gbé e lọ́túnla, bíríkìlà ló ń dà láàmú. Bẹ́ẹ̀ náà lẹni tó bá gbé e lẹ́ẹ̀kan tó wá fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko sílẹ̀, bíríkìlà ti ṣíwọ́ tipẹ́, kò rẹ́ni fún un níṣẹ́ míì.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n kó èsì ìwádìí oríṣiríṣi jọ lọ́dún 2016, wọ́n rí i pé ẹni tó bá fún ibì kan lára níṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ń rí èrè ju ẹni tó fún un lẹ́ẹ̀kan lọ. Lọ́dún 2017, wọ́n tún rí i pé sẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, fún ibì kọ̀ọ̀kan lára, ló ń mú iṣan jáde dáadáa jù. Ibi tí Mentzer ti ṣìnà nìyẹn, sẹ́ẹ̀tì kan ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó èyí tó pọ̀. Nígbà tó sì di ọdún 2019, wọ́n fi kún un pé tí iye sẹ́ẹ̀tì téèyàn ṣe lọ́sẹ̀ bá ti dọ́gba, bóyá ó pín in sí ọjọ́ méjì ni o, bóyá ọjọ́ mẹ́ta ni o, tàbí mẹ́rin, ìyàtọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ sí. Bí owó oṣù ni. Ohun tí wọ́n máa kà ni iye tó wọlé, kì í ṣe iye ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n san án.

Báwo ló ṣe yẹ kó le tó? Níbí yìí, ìròyìn ayọ̀ wà fáwọn alágolo sìmẹ́ǹtì. Ní Yunifásítì McMaster lórílẹ̀-èdè Canada, èsì tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2012 fi hàn pé àwọn tó gbé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí kò ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí agbára wọn ká, dàgbà níṣan bíi tàwọn tó gbé ìdá 80. Ṣùgbọ́n májẹ̀mú kan wà ńbẹ̀ o: wọ́n gbé e títí apá wọn fi kọ̀. Ẹni tó bá gbé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá, tó gbé e kalẹ̀ nígbà tó ṣì lè gbé ogún sí i, kò tíì ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ agbára ni èèyàn ń wá, kì í ṣe kí ara kàn tóbi, àfi kó gbé èyí tó wúwo.

Ṣé dandan ni kó jẹ́ ìgbà tí apá bá kọ̀ pátápátá ni èèyàn máa tó dúró? Rárá o. Tó bá ku bí ẹyọ kan sí mẹ́ta téèyàn ì bá tún lè gbé, kó gbé e kalẹ̀, iṣẹ́ ti wọ ara. Àwọn tó ń fi gbogbo ìgbà gbé e títí tí ojú á fi fẹ́ yọ, àárẹ̀ ni wọ́n ń kó jọ, àárẹ̀ ọ̀hún ni kò sì ní jẹ́ kí wọ́n lè ṣe sẹ́ẹ̀tì tó kù bó ṣe yẹ. Lee Haney, tó gba Mr. Olympia lẹ́ẹ̀mẹjọ láàárín ọdún 1984 sí 1991, máa ń sọ ọ́ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n ta iṣan jí ni, kí wọ́n má pa á. Ara ríro lọ́jọ́ kejì náà kì í ṣe ẹ̀rí pé iṣan ń dàgbà. Ẹni tó bá ṣe ohun tí kò ṣe rí, ara á ro ó, kódà kó jẹ́ pé ilẹ̀ ló ro lóko bàbá ẹ̀.

Ohun tó wá kù ni kéèyàn máa fi kún un. Àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ ní ìtàn ọkùnrin kan, Milo ará Croton, oníjàkadì tó jáwé olúborí ní ìdíje Olympia ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì ààbọ̀ sẹ́yìn. Wọ́n ní ọmọ màlúù ló ń gbé lé èjìká lójoojúmọ́, bí màlúù ṣe ń dàgbà ni agbára ẹ̀ ń pọ̀ sí i, títí ó fi ń gbé odindi màlúù. Ìtàn ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà ńbẹ̀. Ẹni tó ti ń gbé agolo kan náà láti ọdún mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹwàá mẹ́wàá tí kò fi kan kún un, kò yẹ kó máa bi ara ẹ̀ léèrè ìdí tí apá ẹ̀ ò fi yọ.

Fún òṣìṣẹ́ tó ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí ní Ìkòròdú kó tó lè dé Marina, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ tún ń dá a padà wálé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ọ̀rọ̀ yìí fúyẹ́ ju bó ṣe rò lọ. Ọjọ́ mẹ́ta tó, bíi Túsìdeè, Tọ́sìdeè àti Sátidé. Lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, oríṣi márùn-ún péré: kó lóṣòó dìde pẹ̀lú ẹrù léjìká, kó ṣe púṣọ́ọ̀pù tàbí kó ti irin láti àyà, kó fa irin wá sí ikùn nínú ìtẹríba, kó gbé e láti èjìká sókè, kó sì gbé e láti ilẹ̀ nàró. Sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta mẹ́ta. Bó bá ṣe èyí lẹ́ẹ̀mẹta, ibì kọ̀ọ̀kan lára ti gba sẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án, ó ti kan mẹ́wàá léjìká. Kó máa sinmi bí ìṣẹ́jú méjì láàárín sẹ́ẹ̀tì sí sẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ìṣẹ́jú kan. Gbogbo ẹ̀ ò lè ju nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú lọ. Ẹni tó jẹ́ ọjọ́ méjì ló ráyè, kó ṣe sẹ́ẹ̀tì márùn-ún márùn-ún. Àwọn bíríkìlà, alábàárù àtàwọn tó ń ru búlọ́ọ̀kù látàárọ̀ dalẹ́, ọjọ́ méjì náà ti tó wọn, nítorí àárẹ̀ iṣẹ́ wà lára wọn tẹ́lẹ̀.

Tí iṣẹ́ bá wá pọ̀ ńkọ́, tàbí tí ààwẹ̀ dé? Kéèyàn má bẹ̀rù. Èsì ìwádìí kan láti Yunifásítì Alabama tó wà ní Birmingham, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2011, fi hàn pé àwọn ọ̀dọ́ tó ti gbé irin fún oṣù mẹ́rin kò pàdánù iṣan wọn, nígbà tí wọ́n dín in kù sí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tó sì jẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́sàn-án iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún ọ̀sẹ̀ 32. Kíkọ́ ilé ló le, ìtọ́jú ẹ̀ ò le tó bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbàlagbà ni wọ́n rí i pé tiwọn máa ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀.

Oúnjẹ náà ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ kí iṣan yọ nílò bíi gíráàmù 1.6 pùròtéènì fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n, ìyẹn ni pé ẹni tó wọn kílò 70 nílò nǹkan bíi gíráàmù 112 lóòjọ́. Ẹyin kan ní bíi mẹ́fà nínú. Kò dìgbà téèyàn bá ra ìyẹ̀fun inú ike olówó gọbọi. Ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, wàràkàṣì àti sóyà, gbogbo ẹ̀ ló wà lọ́jà. Kéèyàn sì sùn tó wákàtí méje, ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ Èkó ti ń kùnà.

Ewu wà ńbẹ̀ o. Àwọn kan wà tí wọ́n á fi ọdún márùn-ún jókòó, tí wọ́n á wá fi ọjọ́ kan gbé irin ọdún márùn-ún, nítorí ọjọ́ ìgbéyàwó ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Iṣan tó bá fọ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀ lè tú èròjà sínú ẹ̀jẹ̀, kó sì dí kíndìnrín. Ẹni tí ara bá ń ro kọjá bó ṣe yẹ lẹ́yìn tó gbé irin tán, tí ìtọ̀ ẹ̀ wá dúdú bí omi àgbo, kó má ṣe lọ ra oògùn ara ríro ní kẹ́mísìtì o, ọsibítù ni kó gbà lọ kíákíá. Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ẹbí ẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, kó má sì máa sé èémí mọ́ àyà tó bá ń gbé irin.

Àwọn màmá àti bàbá àgbà wá ń rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò kan àwọn. Ó kàn wọ́n ju àwọn ọ̀dọ́ lọ. Láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni iṣan ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù díẹ̀díẹ̀, tó bá wá di ọgọ́ta ọdún, ó tún ń yára sí i, òun ló ń jẹ́ kí àgbàlagbà ṣubú nínú balùwẹ̀, kó má lè dìde lórí àga. Lọ́dún 1990, àwọn dókítà ní ìlú Boston kó àwọn arúgbó mẹ́wàá jọ nílé ìtọ́jú arúgbó, àwọn tó ti tó nǹkan bí ẹni 90 ọdún. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n fi irin ṣiṣẹ́ lẹ́sẹ̀ wọn, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Agbára ẹsẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀! Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ lọ́dún 2020 pé kí gbogbo àgbàlagbà, lọ́kùnrin lóbìnrin, máa fún iṣan wọn níṣẹ́, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń bẹ̀rù pé àwọn á dà bí ọkùnrin, kí wọ́n fọkàn balẹ̀, èròjà testosterone tó ń mú ọkùnrin tóbi bẹ́ẹ̀ kéré gan-an lára wọn.

Bí wọ́n bá wá bi èèyàn pé láàárín Arnold àti Mentzer, ta ló jàre, ìdáhùn ẹ̀ ni pé kálukú mú díẹ̀ dání nínú òótọ́. Arnold tọ̀nà pé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ pọ̀ díẹ̀, Mentzer náà tọ̀nà pé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ le, kí ìsinmi sì wà. Ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kó le débi tó fi ku díẹ̀ kí apá kọ̀, kéèyàn jẹun, kó sùn, kó sì má dá a dúró bí oṣù ṣe ń gun orí oṣù. Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ẹni tó bá sì ń kánjú, kó rántí pé díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.